Iná Ẹja Kò Gbọdọ̀ Kú

Tí Geeske Wubbolts bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú àpótí ẹja rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa ń lò. Ọwọ́ ọ̀tún á wọ inú omi, tòsì á wà nínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, kò sì ní yọ ọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Ì báà jẹ́ koríko omi ló fẹ́ gé, ì báà jẹ́ òkúta ló fẹ́ gbé láti igun kan sí èkejì, ọwọ́ kan náà ni. Ẹ wo obìnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rán ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Delfzijl, iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì àti orúnkún ṣe, tó wá dé ìdí ẹja tó sọ ara rẹ̀ di alápá kan. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí n má purọ́, atọpinpin ni mí. Eltjo ni wọ́n ń pè mí. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ti wa bọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré bíi Appingedam á mọ ilé tí oníkálukú ń lọ, á sì fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwa olùsìn ẹja, ọdọọdún ni adájọ́ máa ń ti ìlú mìíràn wá. Á máa wọ ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á fa àga síwájú àpótí ẹja nínú pálọ̀, á wo ẹja, á wo koríko, á yẹ omi wò, á sì fún ọ ní máàkì. Ọdọọdún ni Geeske ń gba ipò kìíní. Ọdọọdún ni èmi ń gba ipò kejì. Ẹ jọ̀ọ́, inú ta ni ìyẹn máa dùn mọ́?

Kì í ṣe èmi nìkan ló kíyè sí ọwọ́ tó wà lápò yẹn. Wolter alága wa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àṣírí wà níbẹ̀, pé tí ọwọ́ kan bá sinmi, ara kì í gbọ̀n, ẹja kì í sì í bẹ̀rù. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ fi gbà á. Kò wá sí ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan tí o máa wọ̀ tí o kò ní bá ẹni tó ti ọwọ́ kan bọ omi, tó ti èkejì bọ ṣòkòtò bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Èmi náà ṣe é. Ipò kejì náà ni mo tún gbà. Ìgbà yẹn ni mo fi dá ara mi lójú pé nǹkan kan wà nínú àpò obìnrin yẹn, bóyá oúnjẹ ẹja kan tí kò fẹ́ kí a mọ̀, mo sì pinnu pé màá rí i.

Mo ní àwọ̀n kékeré kan tí Geeske yá mi. Oṣù kọkànlá ni, òjò wíníwíní ń rọ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú ní ọ̀sán bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo mú àwọ̀n náà dání bí ẹni tó níwà, mo kan ilẹ̀kùn.

"Eltjo! O dá àwọ̀n padà? Ara rẹ yá bí?"

"Ara mi yá. Ṣé ènìyàn ò lè dá nǹkan padà mọ́ ni?"

"Ènìyàn lè dá a padà. Ìwọ ni n kò mọ̀ pé o lè dá a padà. Wọlé, bàtà rẹ ti rẹ."

Nínú pálọ̀, ọkọ rẹ̀ Reint jókòó sórí àga onígi níwájú àpótí ẹja. Ẹ ò rí àpótí yẹn! Ó gùn ju ènìyàn tó bá dùbúlẹ̀ lọ, koríko inú rẹ̀ tò ní ìlà ní ìlà, aláwọ̀ ewé, pupa, aláwọ̀ ewé, bí ọgbà ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn láyé. Reint ti ká apá súwẹ́tà rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ omi títí dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pọ́n bí ọsàn, tí wọ́n ní ìlà dúdú lára. Wọ́n dà bo ìka rẹ̀, wọ́n ń fẹnu họ ọ́. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Reint yìí, ọ̀gá oníṣẹ́ iná ni nígbà kan ní ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àrùn ìgbàgbé ló dé bá a. Ó lè bi ọ́ ní orúkọ rẹ, kó tún bi ọ́ kí o tó jókòó. Nígbà mìíràn, á máa wá àpò iṣẹ́ rẹ̀ káàkiri ilé, á ní wọ́n ń dúró de òun lórí ọkọ̀, á máa bínú, á máa sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú ọkàn rẹ̀ wálẹ̀ ni kó ti ọwọ́ bọ omi yẹn. Geeske sọ fún mi pé dókítà ti kọ oògùn oríṣiríṣi fún un, pé kò sí èyí tó ṣe tó ẹnu ẹja.

Ó gbé kọfí wá, ó ṣí agolo bisikíìtì, mo mú ọ̀kan, ó sì pa á dé. Mi ò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́.

"Geeske, kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Àpò wo?"

"Èyí tí o máa ń ki ọwọ́ bọ̀ nídìí ẹja. Oúnjẹ ni àbí oògùn? Sọ fún mi. Mi ò ní sọ fún Wolter."

Ó wá fa àpò náà yọ síta, ó tú u sórí tábìlì. Áńkáṣíìfù kan àti súìtì kan tí bébà ti lẹ̀ mọ́ lára ló já bọ́. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, tó sì wà lápò ṣòkòtò, tiwa kò tiẹ̀ sí lápò rárá.

"Reint ló kọ́ mi," ó ní. "Ọdún tí a fẹ́ ara wa ni. Ó ní iná dà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà relé. Tó bá gba ọwọ́ kan wọ inú rẹ, tó sì rí i pé ọwọ́ kejì di nǹkan mú, àárín àyà rẹ ló máa gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni ọkàn rẹ wà. Ó ní kí n má ṣílẹ̀kùn fún un. Kí n fi ọwọ́ kan pa mọ́."

"Ṣé kì í ṣe kí ẹja má bẹ̀rù?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wolter."

"Wolter!" Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé ife kọfí sílẹ̀. "Wolter náà ń ki ọwọ́ bọ àpò?"

"Gbogbo wa ni."

"Ẹ sì máa ń kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì?"

Mo ronú kan Wolter. Mo ronú kan ara mi. "Púlọ́ọ̀gì wo?"

"Háà, Eltjo! Púlọ́ọ̀gì ni iṣẹ́! Ti pọ́ǹpù, ti híítà tó ń mú omi móoru, ti iná orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń yọ kí ìka mi tó kan omi. Àpò wà fún ọjọ́ tí mo bá gbàgbé ni. Ẹ wá kọ́ èyí tó wà fún ìgbàgbé, ẹ fi èyí tó wà fún ọgbọ́n sílẹ̀. Àgbà wèrè."

Mo mu kọfí mi. Ó ti ń dùn mọ́ ọn láti kọ́ mi, ó wá fà mí lọ sẹ́yìn àpótí, ó fi wáyà hàn mí. Kò sí ìkankan tó lọ tààrà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n ṣe ikùn, kí wọ́n tó padà gòkè. Ó ní omi máa ń tọ ara wáyà bí èèrà ṣe ń tọ ṣúgà, pé tí wáyà bá ní ikùn, ibẹ̀ ni omi máa kán sí, kò ní rí ọ̀nà gòkè lọ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti ń wo wáyà yẹn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, èrò mi ni pé kò mọ ilé tún ṣe ni.

Nígbà náà ni ojú mi bọ́ sára Reint, mo sì béèrè ohun tí kò yẹ kó ṣòro.

"Reint ńkọ́? Ọwọ́ méjèèjì ló tì bọ̀ ọ́ yẹn."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mo máa ń yọ púlọ́ọ̀gì. Tí mo bá yíjú, ó ti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń dá iná padà fún ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ṣé màá so ó mọ́ àga ni?" Ó tún ara mú. "Ẹ̀ṣọ́ iná wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mítà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Mo gbára lé e."

Ẹ̀ṣọ́ iná ni à ń pe suíṣì kékeré kan tó ń wo iná tó jáde lọ àti iná tó padà wálé. Tí díẹ̀ bá sọnù lọ́nà, bóyá ara ènìyàn ló gbà wọlẹ̀, á gé gbogbo rẹ̀ kí onítọ̀hún tó pariwo. Ilé tó bá ní in, ọkàn onílé máa ń balẹ̀. Ọkàn tèmi náà balẹ̀, Geeske sì lọ sí ilé ìdáná láti lọ tún kọfí dà.

"Wá," ni Reint wí fún mi. "Ti ọwọ́ rẹ bọ̀ ọ́. Wọ́n á fẹnu kò ọ́ lọ́wọ́."

Ta ló máa kọ irú ìyẹn? Mo ká apá aṣọ mi. Ẹ̀gún òdòdó ti ya mí ní ìka láàárọ̀, ojú ọgbẹ́ náà ò tíì san. Òtútù ṣì wà lára mi, mo bá gbé ọwọ́ òsì lé irin tó ń mú ilé móoru, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, mo sì ti ọ̀tún bọ omi.

Nǹkan ta mí. Ojú ọgbẹ́ náà gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ìjàlọ bá gé ènìyàn jẹ, ó sì sáré gun apá mi. Mo já ọwọ́ gbà. Mo wo ẹja, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ara wọn le. Mo gbọn ọwọ́ òsì mi kúrò lára irin, mo tún ti ọ̀tún bọ omi. Kò sí nǹkan kan. Ó yà mí lẹ́nu. Mo rọra fi ìka kékeré òsì kan irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìjàlọ dé. Ẹ má bi mí léèrè ọgbọ́n tó wà nínú ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?" Geeske ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò kọfí.

"Iná wà nínú omi yìí."

"Iná wo? Ṣé o kò rí ẹja ni? Tí iná bá wà níbẹ̀, ṣé wọ́n á máa ṣeré bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Reint ló dáhùn. Kò wo ẹnikẹ́ni, omi ló ń wò, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀, ohùn ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọṣẹ́. "Ẹyẹ máa ń bà lórí wáyà, ọmọ. Kò kan ilẹ̀, iná kò rí ibi tó máa gbà lọ, kò ṣe é ní nǹkan. Ẹja nìyẹn. Dígí ni wọ́n wà nínú rẹ̀, pákó ló wà lábẹ́ dígí. Ìwọ tí o di irin mú, ìwọ ni ilẹ̀."

Geeske gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. Ó fò dé ẹ̀yìn àpótí, ó fa púlọ́ọ̀gì híítà yọ. Ojú rẹ̀ ti funfun. Mo rí i tó ń wo àga onígi tí ọkọ rẹ̀ jókòó lé, tó ń wo bàtà onírun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó wá ń wo irin ìmóoru náà, tó jẹ́ pé bí Reint bá na orúnkún báyìí ó ti kàn án. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, kì í ṣe nítorí ara mi.

"Kí ló dé tí ẹ̀ṣọ́ kò gé e?" ó ní. "Eltjo, kí ló dé tí kò gé e?"

A lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù mítà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Ẹ̀ṣọ́ iná ní bọ́tìnnì kékeré kan tí ènìyàn ń tẹ̀ láti fi dán an wò. Geeske ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì dún káá! Iná ọ̀nà àbáwọlé kú. Rédíò dákẹ́. Fíríìjì dákẹ́. Ìta ti ṣú, gbogbo ilé dúdú kirikiri, mo sì ti fẹ́ sọ pé, "Ṣé o rí i, ó ń ṣiṣẹ́."

Àfi bí a ṣe rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Nínú gbogbo ilé tó ṣókùnkùn yẹn, àpótí ẹja ń tàn bí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Pọ́ǹpù ń kùn, koríko ń fì, Reint sì jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi.

"Bàbá," ni Geeske wí. Bó ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀ nìyẹn. "Ta ló yọ àpótí yìí kúrò lábẹ́ ẹ̀ṣọ́?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí a ti Ameland dé." Kò yíjú sí wa. "Gbogbo wọn ti kú. Iná ẹja kò gbọdọ̀ kú."

Geeske jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún mi. Ó pẹ́ tí wọ́n ti lọ sinmi ní erékùṣù yẹn. Òjò wọ inú iná ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀ṣọ́ gé iná gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tó wà nílé. Ìgbà tí wọ́n fi dé, òórùn ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Reint fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa gbogbo ẹja náà, ó ń sunkún, kò jẹ́ kí Geeske bá òun ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, kò bá a sọ ọ́ mọ́. Ó kàn wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lọ́jọ́ kan láìsọ fún un, ó gbé wáyà àpótí gba ibòmíràn, kí ohunkóhun má lè pa iná rẹ̀ mọ́ láé. Ọ̀gá oníṣẹ́ iná ni. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó sì dá ara rẹ̀ lójú, lásìkò yẹn, pé òun kò ní ti ọwọ́ bọ omi láìyọ púlọ́ọ̀gì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́. Mo rò pé wọ́n á dìde dúró.

"Ẹja rẹ̀ kú?" ni Wolter béèrè.

"Wọn ò kú."

"Wọ́n ń jẹun? Wọ́n ń yéyin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ̀rí wo lo tún ń wá? Ẹja ni adájọ́ omi. Tí omi bá ní aburú nínú, ẹja ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

"Wolter, ẹyẹ lórí wáyà ni ẹja. Ìwọ..."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni adájọ́ ń bọ̀. Tí wọ́n bá ń tú wáyà, tí wọ́n ń pa pọ́ǹpù, omi á dàrú, koríko á rọ. Kí wọ́n jẹ́ kó kọjá ná." Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. "Àbí ohun tí ẹni ipò kejì ń wá gan-an nìyẹn?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọ eegun, nítorí pé lọ́dún tó kọjá, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé omi Geeske dàrú, inú mi ì bá dùn. Mo dìde, mo sọ fún Wolter pé kó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kó tó ki ọwọ́ bọ ṣòkòtò, mo wọ ẹ̀wù òjò mi, mo jáde.

Geeske ní tirẹ̀ ti gbìyànjú ọ̀nà tó rọrùn. Ó ti fi pákó bo àpótí, ó gbé ìkòkò òdòdó wúwo lé e, kí Reint má lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́. Reint yí àpótí náà ká títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ń kan dígí. Nígbà tí Geeske wọ ilé ìwẹ̀, ó jáde lọ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán, nínú òjò, ó ń wá ọkọ̀ tó fẹ́ tún iná rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ló mú un padà wálé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀. Kó tó bọ́ aṣọ tútù kúrò lọ́rùn rẹ̀, Geeske ti gbé ìkòkò òdòdó kúrò.

"Mi ò lè gba omi lọ́wọ́ rẹ̀," ó sọ fún mi. "Tí mo bá gbà á, mo ti lé e kúrò nílé nìyẹn."

A bá pe oníṣẹ́ iná. Obìnrin kan ló wá, ó ga, ó sì ń yára sọ̀rọ̀. Ó gbé híítà sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi hàn wá: dígí rẹ̀ ti sán, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Bóyá òkúta ló kọlù ú, bóyá ilẹ̀ wa yìí tó máa ń mì nítorí gáàsì tí wọ́n ń fà lábẹ́ rẹ̀ ni, ta ló mọ̀. Ó ní òun máa gbé àpótí sábẹ́ ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí òjò ẹ̀yìnkùlé má tún lè pa iná ẹja.

"Tí nǹkan inú àpótí fúnra rẹ̀ bá wá bàjẹ́ ńkọ́?" ni Geeske béèrè. "Tí ẹ̀ṣọ́ bá gé e, tí n kò sí nílé?"

"Iná á kú."

"Ẹja ńkọ́?"

"Wọ́n lè kú, màmá. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ènìyàn ni nǹkan yìí ń gbà là, kò mọ ẹja. Ẹ lè ra pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì, tó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi fún ìgbà díẹ̀."

Reint ti dé ẹ̀yìn wa. Ó gbọ́ ohun kan, n kò mọ èyí tó gbọ́. "Ẹ máa pa wọ́n," ó ní. "Ẹ má fọwọ́ kan iná wọn. Geeske, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án."

Ó di apá ìyàwó rẹ̀ mú bí ó ti ń sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tú, iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn pẹ̀lú ọpọlọ tó pé. Geeske wo inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó wo wáyà tí ọkọ rẹ̀ tò ní mímọ́ tónítóní, tó dì pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lórí ọkọ̀ ojú omi.

"Tú u," ó sọ fún oníṣẹ́ iná. Ó wá mú Reint lọ sí ilé ìdáná, kó má bàa rí i.

Ọjọ́ tí adájọ́ dé, èmi ni ó kàn láti sìn ín kiri. Van Oordt ni orúkọ rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó ń gbé báàgì tó ń kó ohun èlò tó fi ń yẹ omi wò sí, ẹnu rẹ̀ sì dákẹ́ bíi ti ẹja tó ń dá lẹ́jọ́. A ti ń sún mọ́ ilé Geeske nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Ohùn ọkùnrin ni, ó ń bú ramúramù. Mo sọ kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ sára ògiri.

Geeske ṣílẹ̀kùn. Kò kí adájọ́. Ojú rẹ̀ tutù fún omijé, imú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀ṣọ́ gé e," ó sọ fún mi. "Eltjo, ó gé e."

Nínú pálọ̀, àpótí ẹja ti kú. Kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ìkùn pọ́ǹpù, omi náà dúdú bí adágún lábẹ́ afárá. Reint ti dìde dúró níwájú rẹ̀, bàtà onírun rẹ̀ ti bọ́, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀ mọ́ irin ìmóoru. Omi ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí kápẹ́ẹ̀tì. Pọ́ǹpù ńlá, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fura sí, ló ti ya nínú, tó tú iná sínú omi nígbà tí Reint ń fún ẹja ní ìka rẹ̀ jẹ.

"Ta ló gé iná ẹja mi?" ó pariwo. "Ta ni òǹrorò yẹn? Ẹ jẹ́ kó jáde wá!"

Van Oordt bọ́ fìlà rẹ̀. Ó wo òkùnkùn inú dígí, ó wò mí. "Mi ò lè fún èyí ní máàkì," ó ní jẹ́jẹ́.

"Kọ òdo," ni Geeske wí láìwò ó.

Èmi ni ipò kìíní kàn lọ́dún yẹn. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó sì tì mí lójú pé mo tiẹ̀ rántí rẹ̀. Mo lọ tan pọ́ǹpù oníbátìrì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìfófòó sínú omi.

Reint ti rí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ! Ìwọ lo gé e!"

"Èmi ni, Bàbá."

"Aláìgbọ́ràn! Kí ni mo sọ? Kí ni mo sọ fún ọ nípa iná wọn? Ó fẹ́ pa ẹja mi! Obìnrin olórí kunkun yìí fẹ́ pa wọ́n!"

"Èmi ni mo ṣe é." Ó ti rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, tútù tútù, ó fà á rọra kúrò lára irin. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Bú mi. Máa bú mi lọ."

Ó sì bú u. Ó bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀rọ̀ kan sọnù mọ́ ọn lẹ́nu láàárín, ó ń wá a, Geeske bá wí fún un pé, "Olórí kunkun lo dé, Bàbá," ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.